Pápá Tí A Kì Í Sanwó Wọ̀

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń ka ìwé yìí, bóyá ẹ ti gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ti Ìlú Ọba dé pé owó ni ènìyàn fi ń ṣe eré ìdárayá níbẹ̀. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kò tán síbẹ̀. Mo lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ ọmọ mi ní Peckham, ní ìlú London, mo sì fi ojú ara mi rí i.

Ọmọ mi ń sanwó lóṣooṣù fún ilé ìdárayá aládàáni kan. Báńkì ni ń yọ owó náà. Ìbáà lọ, ìbáà má lọ, owó kì í gbàgbé àtilọ. Ní oṣù tí mo dé, owó lọ, ọmọ kò lọ. (Ẹ má sọ fún un pé mo kọ ọ́ sínú ìwé.)

Bẹ́ẹ̀ ni pápá gbogbogbòò kan wà nítòsí, Burgess Park, tí kò ní ẹnubodè tí a ti ń gba owó. Àwọn ọmọdé ń gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀, àwọn àgbà ń rìn. Ní àràárọ̀ Sátidé, àwọn ènìyàn a máa sá eré kìlómítà 5 tí à ń pè ní parkrun. Ènìyàn 13 péré ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Bushy Park ní ọdún 2004. Ó ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè, a kò sì gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹni tí ń sá a.

Ìtàn pápá náà ni ó yà mí lẹ́nu jù. Ilé àti ilé-iṣẹ́ ni ó kún ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, odò tí a fọwọ́ gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi sì là á kọjá. Ní 1943, nígbà tí ogun Hitler kò tíì parí, àwọn tí ń ṣètò ìlú London ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí ilẹ̀ náà di pápá. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi ń ra ilé ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń wó wọn. Wọ́n dí odò náà pẹ̀lú. Afárá kan ṣì dúró níbẹ̀ tí kò sí omi lábẹ́ rẹ̀. Ẹ rò ó wò: wọ́n wó ilé kí ọmọ lè rí ibi sáré! Owó tí ìdílé kọ̀ọ̀kan ń san fún ìjọba ìbílẹ̀ ni a sì fi ń tọ́jú rẹ̀.

Ní ìgbà èwe mi ní Obbo-Aiyegunle, àdá wa ni owó orí wa. Lọ́jọ́ Ẹtì ni à ń ṣán koríko pápá ilé-ìwé. Ọparun ni òpó góòlù wa. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ìlú ni ó ni ín. Lónìí, mo mọ pápá ilé-ìwé kan ní agbègbè wa, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ilé ìtajà ti gba ìdajì rẹ̀, tí òkúta ààlà sì ti wọ ìdajì kejì. Ẹ̀bá ọ̀nà mọ́tò ni àwọn ọmọ ibẹ̀ ti ń gbá bọ́ọ̀lù. Àwọn tí ó ra ilẹ̀ náà kì í ṣe àjèjì. Àwọn mìíràn nínú wọn ti gbá bọ́ọ̀lù níbẹ̀ rí. Wọ́n ní ilẹ̀ kò tó mọ́. Mo bi wọ́n bóyá ilẹ̀ London ni ó pọ̀ ju tiwa lọ.

Èmi àti olùkọ́ méjì tí ó ti fẹ̀yìn tì ń wá ìwé ilẹ̀ pápá náà báyìí, kí òkúta ààlà wọ̀nyẹn tó di ìpìlẹ̀ ilé.