Páwà Pákì Ni Kẹ́ Ẹ Kọ́kọ́ Wá

Ẹni tó bá fẹ́ to kọ̀ǹpútà gémù jọ fúnra rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì, páwà pákì ni kó kọ́kọ́ wá. Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀dọ́ ò ní gbà fún mi. Káàdì gíráfíìkì ló máa ń wà lókè ìwé wọn, próséṣọ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ni kéèsì tí iná aláràbarà ń tàn nínú rẹ̀. Bí owó bá wá ṣẹ́kù, wọ́n á ní, "Àǹtí, ẹ bá wa wá páwà pákì kan tó bá ṣáà ti lè gbé e." Láti ìgbà tí mo ti ń tún kọ̀ǹpútà ṣe nílùú yìí, nǹkan tí wọ́n fi kẹ́yìn yẹn gan-an ló máa ń jóná, tí á sì fa àwọn yòókù dání.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin gbé irú ìwé bẹ́ẹ̀ wá bá mi. Ìmẹ̀sí-Lásígidì làwọn òbí rẹ̀ ń gbé (kì í ṣe Ìmẹ̀sí-Ilé ti Ọ̀ṣun o, èyí tí wọ́n máa ń dárúkọ nínú ìtàn ogun Kírìjì, tiwa wà ní Èkìtì), ṣùgbọ́n Ìkẹ́rẹ́ níbí ló ti ń kàwé, ní yunifásítì tí wọ́n fi orúkọ Bámidélé Olúmilúà pè, èyí tó jẹ́ Kọ́lẹ́ẹ̀jì títí di ọdún 2020. Ó na fóònù sí mi. Core i7-14700K. RTX 4070. RAM 32GB. Páwà pákì 850W. Ẹ̀rọ tó ń fi omi tu próséṣọ̀ lára. Inú fídíò ará Amẹ́ríkà kan ló ti dà á kọ láìyọ ẹyọ kan sílẹ̀.

Mi ò rí àléébù kankan nínú ìwé náà. Tó bá jẹ́ Atlanta ni mo ń gbé, èmi náà lè rà á bó ṣe wà. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi í: iná wo ló máa gbé e? Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Àǹtí, NEPA ń gbìyànjú ládùúgbò wa báyìí." A wá jọ jókòó ti ìgbìyànjú náà, a mú bírò.

Intel fúnra wọn kọ ọ́ pé próséṣọ̀ yẹn lè fa wáàtì 253 bí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lára tán. RTX 4070 ń fa 200. Ká bọ́ọ̀dù, RAM, fáànù àti mọ́nítọ̀ mọ́ ọn, ó ti lé ní 500. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí gbogbo Nàìjíríà ń pè ní "I better pass my neighbour", nǹkan bíi wáàtì 650 ló lè gbé nígbà tó ṣì jẹ́ tuntun, ta ló sì ní tuntun? Kí ẹnì kan ṣáà ti tan fáànù sí i, kí ẹlòmíì ki àyọ́ọ̀nù bọ̀ ọ́, ó parí. Mo wá kọ tèmi sẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀. Ryzen 5 5600 ti AMD, tí wọ́n pe agbára rẹ̀ ní wáàtì 65. Káàdì RX 6600 tó jáde lọ́dún 2021, wáàtì 132. Pẹ̀lú mọ́nítọ̀ àti gbogbo ohun tó kù, kò tó 300.

Ó ní sólà ńkọ́. Bátìrì olómi kan tó jẹ́ 200Ah, fóòlù 12, wáàtì-wákàtí 2,400 ló wà nínú rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kó pẹ́ lọ́wọ́ òun kì í fà á ju ìdajì lọ, ìyẹn 1,200. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 300 á lo wákàtí mẹ́rin lórí rẹ̀. Ínfátà náà á gba owó oníbodè tirẹ̀ lọ́nà, kó ku bíi mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ̀rọ tó ń jẹ 500 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ, ká dúpẹ́ bó bá pé wákàtí méjì. Nígbà tí àjọ NERC gbé owó iná Band A sókè ní oṣù Kẹrin ọdún 2024, náírà 225 ni wọ́n pe kílówáàtì-wákàtí kan, pẹ̀lú ìlérí pé iná á máa wà fún wákàtí 20 ó kéré tán lójúmọ́. Ní iye yẹn, wákàtí mẹ́rin gémù lórí ẹ̀rọ oní-300 jẹ́ náírà 270. Ìyẹn ò pa ẹnikẹ́ni. Owó iná kọ́ ló ń bà mí lẹ́rù, bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ láìdágbére ni.

Ibẹ̀ ni páwà pákì ti ń fi ara rẹ̀ hàn. Èyí tó bá péye gbọ́dọ̀ lè gbé kọ̀ǹpútà dúró fún nǹkan bíi mílísẹ́kọ́ǹdì 16 lẹ́yìn tí iná bá ti já. Ohun tí ìlànà ATX béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ṣe é nìyẹn. Ínfátà tó yára lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ NEPA láàárín mílísẹ́kọ́ǹdì 10, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù nínú gémù ò tiẹ̀ ní mọ̀ pé ohunkóhun ṣẹlẹ̀. Bí ínfátà bá wá falẹ̀, tàbí bí páwà pákì bá jẹ́ àwọn gbàrọgùdù tó kọ 500W sára tí kò lè gbé 300, kọ̀ǹpútà á kú, á tún tan, á tún kú. Mo máa ń gbé e lọ́wọ́ wò kí n tó bèèrè owó rẹ̀, torí pé kópà àti irin inú rẹ̀ ló ń jẹ́ kó tẹ̀wọ̀n. Èyí tó bá fúyẹ́ jù, mo máa ń dá a padà sórí káńtà. Àmì 80 Plus tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ọn dáa, ṣùgbọ́n ohun tó ń sọ kò ju pé kì í fi iná ṣòfò lọ. Kò ṣèlérí pé yóò fara da fóòlù tó ń fò bí iná bá dé lóru tí gbogbo àdúgbò ti pa nǹkan wọn. Iṣẹ́ sitébíláísà nìyẹn, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń kọ ìwé ohun tí wọ́n fẹ́ rà kì í sì í rántí kọ ọ́.

Ọ̀nà tó dín owó kù jù wà, òun sì ni ọ̀pọ̀ ń gbà láti Ìkẹ́rẹ́ dé Ìsẹ̀ dé Emùré: tòkunbọ̀. Kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì táwọn òyìnbó ti lò tì, Dell OptiPlex àti HP EliteDesk, ń wọ Computer Village ní Ìkẹjà, ibẹ̀ làwọn oníṣòwò Àkúrẹ́ àti Adó-Èkìtì sì ti ń kó wọn. Mo fẹ́ràn wọn. Wọ́n le, wọn kì í jẹ iná, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó ń ṣe ṣekárími. Ẹ mú OptiPlex 9020, tó wà láti ọdún 2013, ẹ fi GTX 1650 sí i, bọ́ọ̀lù á gbá nínú rẹ̀ dáadáa. Ihò tí wọ́n ń ki káàdì bọ̀ lórí bọ́ọ̀dù kò lè fún káàdì ju wáàtì 75 lọ, irú GTX 1650 kan sì wà tí ìyẹn tẹ́ lọ́rùn, tí kì í bèèrè wáyà mìíràn. Ṣùgbọ́n páwà pákì inú rẹ̀, 290 ni ti èyí tó tóbi, ẹnu wáyà rẹ̀ ò sì bá tàwọn tó wà lọ́jà mu, Dell ló gé e bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá lọ ra káàdì gìrìwò sínú irú kéèsì yẹn ti gbé odó ńlá wálé láìní iṣu. Èkìtì ni wá, a mọ bí ìyẹn ṣe ń rí.

Ohun tó jẹ́ kí n má tì í sọ́nà tòkunbọ̀ ni pé Microsoft ti kéde nígbà náà pé 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni àwọn máa ṣíwọ́ iṣẹ́ lórí Windows 10, Windows 11 kò sì ka próséṣọ̀ Intel tó bá ti ṣáájú ìran kẹjọ sí. Ìran kẹrin ló wà nínú 9020. Ọgbọ́n wà tí wọ́n ń dá sí i, mo mọ̀ ọ́n, mo sì máa ń dá a fún oníbàárà tó bá ní òun ò ní owó mìíràn. Mi ò fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í dá a fún ọmọ tó ṣì ní ọdún mẹ́ta lọ́gbà.

Ti káàdì tòkunbọ̀ tún yàtọ̀. Ní 15 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, Ethereum, owó orí íńtánẹ́ẹ̀tì kan, fi ọ̀nà tí wọ́n ń gbà fi káàdì gíráfíìkì wa owó sílẹ̀, káàdì tó ti ń ṣiṣẹ́ tọ̀sán tòru fún ọ̀pọ̀ oṣù wá ya wọ ọjà káàkiri ayé. Kì í ṣe pé gbogbo wọn ló bàjẹ́. Fáànù wọn ló máa ń kọ́kọ́ rẹ̀, ìyẹn ò sì ṣòro láti pààrọ̀. Ohun tó ń kọ mí lóminú jù ni orúkọ. RX 580 kan wà tí wọ́n kọ 2048SP tẹ̀ lé nọ́ńbà rẹ̀, 2,048 ni ẹ̀yà ìṣirò inú rẹ̀ dípò 2,304 tí RX 580 gidi ní; RX 570 tó wọ aṣọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni, olókòwò kì í sì í sọ fún yín. Àwọn ayédèrú Nvidia pọ̀ ju ìyẹn lọ: wọ́n á mú káàdì tó ti gbó, wọ́n á kọ irọ́ sínú BIOS rẹ̀, Windows á máa pè é ní GTX 1050 Ti. Láti ọdún 2018 ni GPU-Z, ètò kékeré tí wọn kì í gbowó lé, ti ń tú wọn fó.

Ká tún wo owó. Dọ́là 599 ni wọ́n pe RTX 4070 nígbà tó jáde ní oṣù Kẹrin ọdún 2023. Ní iye tí ìjọba ń pe dọ́là nígbà yẹn, nǹkan bíi náírà 460, kò tó ẹgbẹ̀rún lọ́nà 280. Báńkì Àpapọ̀ tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún náà. Ní náírà 1,500 sí dọ́là kan, 599 yẹn kan náà ti di náírà 898,500, a ò tíì ka owó ọkọ̀ àti èrè ẹni tó gbé e wá. Ní ti i7 tí ọmọ náà kọ, Intel ti gbà lọ́dún 2024 pé àìsàn kan ń ba àwọn próséṣọ̀ ìran kẹtàlá àti ìkẹrìnlá jẹ́ díẹ̀díẹ̀, wọ́n tú àtúnṣe jáde, wọ́n sì fi ọdún méjì kún àkókò tí èèyàn fi lè dá a padà. Dá a padà sọ́dọ̀ ta ni, láti Ìkẹ́rẹ́, lórí ọjà tí wọn ò fún wa ní rìsíìtì?

Ibi tá a parí rẹ̀ sí ni Ryzen 5 5600G, kì í ṣe 5600 tí mo kọ́kọ́ kọ. Gíráfíìkì ti wà nínú tirẹ̀, kò nílò káàdì láti bẹ̀rẹ̀. Bọ́ọ̀dù B550 á sì gba káàdì nígbàkígbà tí owó bá dé. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á ní mo fi agbára tọrẹ: káàṣì inú 5600G jẹ́ 16MB, ti 5600 sì jẹ́ 32, PCIe 3.0 ni tirẹ̀, tèkejì jẹ́ 4.0. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 5600 tí kò ní káàdì ò lè fi àwòrán kankan hàn lójú mọ́nítọ̀, ọmọ náà á sì máa wò ó fún odidi ọdún. Láìsí káàdì, gbogbo ẹ̀rọ yìí àti mọ́nítọ̀ rẹ̀ kò tó wáàtì 150, jẹnẹrétọ̀ ò ní mí gúlegúle. RAM 8GB méjì la rà, a ò ra 16 ẹyọ kan, torí pé gíráfíìkì inú próséṣọ̀ kò ní RAM tirẹ̀, ti kọ̀ǹpútà ló ń yá lò, ojú ọ̀nà méjì sì yá ju ọ̀kan lọ. Inú mi dùn pé a tètè rà á. Nígbà tí ọdún 2025 ń parí lọ, àwọn ilé-iṣẹ́ AI ra RAM débi pé owó rẹ̀ gun òkè lágbàáyé, Micron sì kéde ní oṣù Kejìlá pé àwọn ò ní ta RAM Crucial fún aráàlú mọ́.

Páwà pákì 550W, ojúlówó. Kéèsì tí ojú rẹ̀ jẹ́ nẹ́ẹ̀tì, tó ní asẹ́ tí wọ́n lè yọ fọ̀, fáànù méjì tó ń fa atẹ́gùn wọlé sí ọ̀kan tó ń tì í jáde, kí erukú pupa ọ̀nà àti ti ọyẹ́ má bàa máa gba gbogbo ihò wọlé. A yọ ẹ̀rọ olómi kúrò, a fi fáànù lásán tó bá próséṣọ̀ náà wá sílẹ̀. Iná aláràbarà la jà lé lórí jù. Mo gbà fún un níkẹyìn, torí pé wáàtì díẹ̀ ló ń jẹ, ọmọdé sì ni.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí láti Ìmẹ̀sí nígbà tí wọ́n gbọ́ iye rẹ̀. Wọn ò bèèrè ohun tó ń jẹ́ káàṣì. Wọ́n ní, "Ṣé wọ́n lè fi ṣe project?" Mo ní wọ́n lè fi ṣe é, wọ́n sì fi owó ránṣẹ́.

Ohun tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò kọ sínú ìwé ni dátà. EA Sports FC 24 nìkan ń bèèrè fún 100GB lórí dísìkì, ẹni tó bá sì mọ iye tí wọ́n ń ta dátà á mọ̀ pé gémù náà lè jẹ owó ju RAM lọ kó tó pé ọdún. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé hard disk tí gémù wà nínú rẹ̀ làwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gbé kiri láàárín ara wọn ní họ́sítẹ̀ẹ̀lì.

Ọmọ náà ti ń tọ́jú owó RX 6600 báyìí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi àwòrán ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi, ẹnì kan ló ń tà á lórí Facebook, ó ní wọn ò fi wa owó rí, pé obìnrin kan ló fi ń wo fíìmù. Mo ní kó bá mi gba àwòrán GPU-Z rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni náà, kó sì bi í bóyá a lè fi gémù dán an wò fún wákàtí kan lójú wa kí owó tó jáde. Ẹni náà ti rí àtẹ̀jíṣẹ́ náà, kò sì tíì fèsì.