Lẹ́yìn Tí Wọ́n Bá Ya Fọ́tò Tán

Oṣù Kẹfà ọdún 2011 ni Gómìnà Babátúndé Fáṣọlá buwọ́ lu òfin àwọn akàndá ẹ̀dá ní Èkó, tó gbé LASODA, ọ́fíìsì tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ wọn, dìde. Ọdún 2019 ni ti ìjọba àpapọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ní kí ìyá kan ní Ìbà tí ojú wọn ti ń ṣú lọ forúkọ sílẹ̀ ní LASODA, wọ́n á ní, "Ṣé afọ́jú ni mí ni? Ọjọ́ orí ni." Ẹni tí orúkọ rẹ̀ kò sì sí nínú ìwé, ta ni yóò ra nǹkan dè é?

*

Ìkẹjà ni ọ́fíìsì LASODA wà. Láti Òkókómáíkò, ọkọ̀ kan kò gbéni débẹ̀. Kọ́ńdọ́ á tún ní irin ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tí màmá fi ń rìn ti di ẹrù, kí wọ́n sanwó rẹ̀. Rélùwéè aláwọ̀ búlúù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Oṣù Kẹsàn-án 2023, Òkókómáíkò ni wọ́n ní yóò parí sí. Kìlómítà 13 nínú 27 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣí, Mile 2 ló sì mọ.

*

Ọ̀pọ̀ àga oníkẹ̀kẹ́ tí wọ́n ń pín, ìwọ̀n kan náà ni. Ọnárébù dé, wọ́n ya fọ́tò, ó parí. Kò sẹ́ni tó wọn ìbàdí bàbá tí wọ́n gbé àga fún tàbí gígùn itan wọn. Àga tó bá fẹ̀ jù, ara á máa yẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan nínú rẹ̀. Ibi tí egungun ti ń tẹ àga láìsinmi, egbò ló ń yọrí sí.

*

Ilẹ̀ dídán ilé ìwòsàn ni wọ́n ṣe táyà kéékèèké iwájú àga náà fún. Yanrìn Ọ̀jọ́ á gbé e mì. Àwọn ọmọ ilé á yí àga padà, wọ́n á máa fà á láti ẹ̀yìn, kí táyà ńlá lè ṣíwájú. Bí irin rẹ̀ bá kán, ó di ọ̀dọ̀ wẹ́dà. Bí táyà bá jò, ó di ọ̀dọ̀ fọkanáísà. Ọwọ́ wọn dá, àmọ́ owó ẹbí ni wọ́n ń gbà.

*

Bátìrì ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, bí wọ́n bá ti ṣí bébà ara rẹ̀, ó ti ń kú lọ nìyẹn, lò ó, má lò ó. Àgbàlagbà Yorùbá tó ń gbé ní Peckham ní Lọ́ńdọ̀nù, NHS, ètò ìlera ìjọba ibẹ̀, ló ń fún un ní ẹ̀rọ àti bátìrì, tó sì ń bá a tún un ṣe, lọ́fẹ̀ẹ́. Àbúrò rẹ̀ ní Òkókómáíkò, bó tilẹ̀ rí ẹ̀rọ gbà, àpò ara rẹ̀ ni bátìrì ti ń jáde. Bí bátìrì bá kú, ẹ̀rọ di inú dúróọ̀, bàbá á sì tún máa mi orí sí ohun tí wọn kò gbọ́.

*

Bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Ọmọ tó wà ní Kánádà lè fi owó àga ránṣẹ́. Kò lè ti àga láti ibẹ̀.

*

Ní 2016, Àjọ Ìlera Àgbáyé to irinṣẹ́ ìrànwọ́ àádọ́ta tó yẹ kó wà nítòsí ẹni tó nílò wọn. Ọ̀pá ìtẹ̀lẹ̀ wà níbẹ̀, àpótí tí a ń pín oògùn sí náà wà níbẹ̀; kì í ṣe ohun olówó iyebíye. Èkó ní káńsù 57. Ọ̀jọ́ ní sẹkitéríàtì, Ìbà ní tirẹ̀. Ẹnì kan tó mọ bí a ti ń wọn ènìyàn ní sẹ́ńtà ìlera káńsù kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú táyà àti bátìrì lórí pẹpẹ, yóò dín ìrìn Ìkẹjà kù. Kó tó dìgbà náà, bí wọ́n bá gbé àga dé, kẹ́nì kan bèèrè kí àdúrà tó bẹ̀rẹ̀: bó bá bàjẹ́, ta ni ká gbé e lọ bá?