Ìjà kọngílá, omi tiwa ni wọ́n ń dà nù

Bí wọ́n bá ní kọngílá méjì ń jà lórí iṣẹ́ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń fọ omi mọ́, ọ̀pọ̀ wa á ní ìjà olówó ni, kò kàn wá. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ o.

Ẹ wo ibi tá à ń gbé. Láti Ìbafò dé Mowé títí dé Ifọ̀, ẹni tó lówó gbẹ́ kànga ẹ̀rọ, ẹni tí ò ní ń retí mẹ́rúwà. Èyí tó ń gbé omi fún mi n'Íbafò fi owó lé kẹ́ẹ̀gì lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní epo ló fà á. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ìpínlẹ̀ Ògùn níbí ni iléeṣẹ́ omi Àdìyàn wà. Ọdún 1991 ni wọ́n ṣí i, wọ́n ṣe é kó lè fọ 70 mílíọ̀nù gálọ́ọ̀nù lójúmọ́. Omi odò Ògùn ni, Èkó ló ń gba páìpù lọ. Lọ́dún 2013, ìjọba Èkó tún gbé iṣẹ́ apá kejì fún Salini. Mi ò bá Èkó jà, owó wọn ni wọ́n ná. Ta ló ń ná tiwa?

Òfin ìjọba àpapọ̀ tọdún 2007 lórí iṣẹ́ àgbàṣe gba kọngílá tí wọ́n bá rẹ́ jẹ láàyè láti pariwo. Ọjọ́ iṣẹ́ 15 ló ní láti kọ̀wé sí ọ̀gá iléeṣẹ́ tó pín iṣẹ́. Ọ̀gá náà ní 15 láti fèsì. Bí kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó ní 10 láti gbé e lọ sí Bureau of Public Procurement l'Ábújá, àwọn yẹn ní 21. Ó tún di kóòtù gíga ìjọba àpapọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ bí kóòtù wa ṣe ń sún ẹjọ́ síwájú, ẹ bá mi ṣírò ìyókù.

Òfin náà ní kò di dandan kí wọ́n gbé e fún ẹni tó dá owó tó kéré jù, bí ìdí gidi bá wà. Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, torí pọ́ọ̀ǹpù olówó pọ́ọ́kú lè dẹnu kọlẹ̀ kí ọdún tó yí po, kẹ́nì kan sì lè fi “ìdí gidi” bo ọ̀rẹ́ rẹ̀ lójú. Ní Gánà lọ́dún 2000, Báńkì Àgbáyé fa 100 mílíọ̀nù dọ́là ọ̀rọ̀ omi sẹ́yìn, torí bí wọ́n ṣe fẹ́ gbé iṣẹ́ fún Azurix, ọmọ Enron ti Amẹ́ríkà, kò mọ́ lójú wọn.

Ohun kan wà nínú òfin 2007 yìí tí mo fẹ́ràn. Gbangba ni kí wọ́n ti ṣí ìwé àwọn tó ń du iṣẹ́, kí wọ́n ka orúkọ àti iye owó oníkálukú sókè, ará ìlú tó bá fẹ́ lè wà níbẹ̀. Ogun-Osun River Basin l'Ábẹ́òkúta, ti ìjọba àpapọ̀ ni, òfin náà dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo bi àwa akọ̀ròyìn pé ta ló ti lọ jókòó rí, wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Ọjọ́ tí wọ́n bá ń gé ríbọ́ọ̀nù la máa ń kún ibẹ̀.

Bí mo bá tún ti rí ìpolówó wọn nínú ìwé ìròyìn, màá lọ. Ará Mowé tàbí Ifọ̀ tó bá fẹ́ bá mi lọ, ká jọ lọ, ṣùgbọ́n kí oníkálukú san owó ọkọ̀ rẹ̀ o.