Ọyẹ́ Kọ́ Ló Ń Mú Ẹsẹ̀ Gbogbo Ọmọ Tutù

Jos ga tó 1,200 mítà ju òkun lọ. Tí ọyẹ́ bá dé sí Lamingo níbi tí JUTH, ilé ìwòsàn ìkọ́ni ti Yunifásítì Jos, wà, kò sí àìsàn tí wọn kì í kó sí i lọ́rùn. Imú ọmọ ń ṣẹ̀jẹ̀? Ọyẹ́ ni. Ẹsẹ̀ rẹ̀ tutù, ó sì ń dùn ún tó bá sáré? Òtútù Jos ni. Látìgbà tí mo ti ń fi ẹ̀rọ echo wo ọkàn àwọn ọmọdé, mo ti rí ohun tí àwíjàre yìí ń bò mọ́lẹ̀.

Ní oṣù January kan, obìnrin kan mú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin wá nítorí orí fífọ́. Ìbọ̀sẹ̀ méjì ni ọmọ náà wọ̀ léra wọn. Mo ní kó bọ́ wọn.

Ìyá rẹ̀ ní, “Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú rẹ̀, òtútù yìí ò dáa.”

Mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá, ẹsẹ̀ yẹn gan-an ni mo fẹ́ rí.”

Mo fi ìka kan sí ọrùn ọwọ́ rẹ̀, mo fi òmíràn sí ibi tí itan ti pàdé ikùn. Iṣan ọwọ́ ń lù kìkì. Ti itan ń wọ́ tẹ̀lé e bí ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ tí kò fẹ́ jẹ́. A wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀: ti apá ga, ti ẹsẹ̀ wálẹ̀. Tí ti apá bá fi 20 mmHg ju ti ẹsẹ̀ lọ, ó yẹ kí ara fu dókítà.

Áọ́tà, iṣan ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde látinú ọkàn, ló ti fún níbì kan láti inú oyún. Coarctation ni wọ́n ń pè é. Ẹ̀jẹ̀ á rọ́ sí orí àti apá, ẹsẹ̀ á máa jẹ àjẹkù. X-ray fi hàn pé abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ ti dá kòtò-kòtò, torí àwọn iṣan kéékèèké tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ gba ẹ̀yìn ti wú, wọ́n sì ń rin egungun. Èyí kì í sábà hàn lára ọmọ kékeré.

Echo ló yá jù, ṣùgbọ́n a ní láti tẹ orí ọmọ sẹ́yìn, ká gbé ojú ẹ̀rọ sí kòtò ìsàlẹ̀ ọ̀fun. Ọmọ á máa ké, ẹni tó ń kánjú á sì fò ó. Ibẹ̀ gan-an ni ibi tó fún máa ń hàn sí. CT ló wá ń fi gbogbo rẹ̀ han oníṣẹ́ abẹ.

Lọ́dún 1944, ní Stockholm, oníṣẹ́ abẹ Clarence Crafoord gé ibi tó fún kúrò, ó sì rán orí méjèèjì pọ̀. Àìsàn yìí ní ìtọ́jú. Owó rẹ̀ ni ìdílé ọmọ yẹn ń wá kiri báyìí.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn nọ́ọ̀sì àti dókítà ọ̀dọ́ ni pé kí wọ́n fọwọ́ kan itan ọmọ lọ́jọ́ ìbí, kí wọ́n tún un ṣe kí ìyá tó lọ sílé, àti nígbà abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ kan tí ọmọ ń lò nínú oyún lè ṣì wà ní ṣíṣí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí iṣan itan máa lù dáadáa. Tó bá pa dé, ọmọ lè dákú lójijì. Ìka méjì ni iṣẹ́ náà gbà, kò sì ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.