Ẹ̀wù Ọdẹ Olówó Gọbọi: Ǹjẹ́ Ó Tó Owó Rẹ̀?

Àwọn àgbà a máa wí pé ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ọbẹ̀ bá dùn lẹ́nu ẹni tó sè é, kò ní kí ó dùn lẹ́nu gbogbo àlejò. Ẹni tí kì í jẹ ata yóò kàn máa sunkún lórí oúnjẹ olówó ni. Ọ̀rọ̀ yìí ni mo fẹ́ bá ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi àti ẹ̀yin olùkọ́ wa sọ, ẹ̀wù ọdẹ ni mo sì fẹ́ fi sọ ọ́. Ẹ má ṣe bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè nínú ẹ̀wù ọdẹ. Ilé ọdẹ ni wọ́n bí mi sí, bí n kò tilẹ̀ mọ ìbọn yìn, iṣẹ́ tí ẹbí mi sì rán mi ni ó mú mi wádìí ọ̀rọ̀ náà.

Àbúrò bàbá mi wà, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ọdẹ. Ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, kò sì tíì gbé ìbọn rẹ̀ kọ́ sí àjà. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹtu, ìgalà àti ọ̀yà ni ó ń lé kiri. Nísinsìnyí òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a tún máa ṣọ́ oko àti ọ̀nà oko lóru. Ọmọ rẹ̀ tó wà ní Kánádà rí ẹ̀wù kan níbi tí wọ́n ti ń ta ohun èlò ọdẹ, ó sì kọ̀wé sílé pé òun yóò san ìdajì owó rẹ̀ bí ẹbí bá lè san ìdajì tó kù. Àwọn àgbà ilé wo ara wọn lójú. Wọ́n wá ní èmi ni mo ń ka ìwé òyìnbó, kí n lọ wò ó bóyá ẹ̀wù náà tó ohun tí wọ́n ń pè é.

Owó tí à ń wí yìí kì í ṣe owó kékeré. 400 dọ́là ni ẹ̀wù náà nìkan. Bí a bá ka dọ́là kan sí 1,500 náírà, 600,000 náírà nìyẹn. Láti ọdún 2024, owó oṣù tó kéré jù tí òfin Nàìjíríà fọwọ́ sí ni 70,000 náírà. Ẹni tó ń gba iye yìí yóò ṣiṣẹ́ ju oṣù mẹ́jọ lọ, láìjẹ, láìmu, kí ó tó lè ra ẹ̀wù kan ṣoṣo, a kò sì tíì sọ ti ṣòkòtò.

Mo kọ́kọ́ gba Ọjà Ọba lọ, nítorí pé ní Adó-Èkìtì, ohun tí ẹsẹ̀ ọmọ ènìyàn bá ń wá, ibẹ̀ ni ẹsẹ̀ náà ń yà sí. Mo bá ìyá kan tó ń ta òkìríkà.

“Ẹ kú ọjà o, ìyá. Ǹjẹ́ ẹ ní aṣọ ọdẹ?”

“Ọdẹ wo, ọmọ mi? Ṣé ọdẹ tó ń ṣọ́ báǹkì ni, àbí ọdẹ tó ń pa ẹran?”

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè ìyá yìí lọ́gbọ́n nínú ju rẹ́rìn-ín lọ. Orúkọ kan náà ni èdè wa fún ẹni tó ń lé ẹran àti ẹni tó ń ṣọ́ ilé, Bàbá Ọdẹ sì ti di méjèèjì pa pọ̀. Mo sọ fún un pé ọdẹ tó ń ṣe méjèèjì ni. Mo wá na ọwọ́ sí ẹ̀wù kan tó ní àwọ̀ ewé àti erùpẹ̀ bíi ti ṣójà, tí ẹnì kan gbé kọ́ èjìká lọ lójú ọjà.

“Irú ìyẹn ńkọ́, mà?”

“N kì í ta irú ìyẹn. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ yóò rí àlàyé ṣe lójú ọ̀nà.”

Ìyá náà mọ òfin. Nàìjíríà kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe ológun máa wọ aṣọ ológun kiri, ọ̀pọ̀ ẹ̀wù ọdẹ òkè òkun sì jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ẹni tó bá rí i lókèèrè kò ní dúró bèèrè ìyàtọ̀. Èyí tí ìyá mú jáde fún mi ni ẹ̀wù òwú kan tó nípọn, irú èyí tí àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ń wọ̀. Owó rẹ̀ kò tó ìdá ogún ti òkè òkun.

Kí n tó dá ẹjọ́, mo ronú kan àwọn baba wa. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ rò pé àkísà ni wọ́n ń wọ̀ wọ igbó. Gbérí ọdẹ ní ìmọ̀ nínú. Kíjìpá ni wọ́n sábà fi ń rán an, aṣọ tó nípọn tí àwọn obìnrin ń hun nínú ilé lórí òfì ìdúró, iṣẹ́ tí àwọn ìyá wa ní Èkìtì mọ̀ dáadáa. Wọn a gbin òwú, wọn a ká a, wọn a ran án, wọn a hun ún, wọn a sì rì í sínú aró léraléra títí yóò fi dúdú. Nínípọn rẹ̀ kò jẹ́ kí ẹ̀gún àti èsìsì ráyè dé ara. Dídúdú rẹ̀ bo ọdẹ mọ́ inú òjìji igi. Fífẹ̀ rẹ̀ ń jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé, kí òógùn sì gbẹ. Àpò àti okùn ara rẹ̀ ni wọ́n ń kó ọta, ẹ̀tù àti oògùn sí. Ọ̀pọ̀ oṣù ni iṣẹ́ ọwọ́ èyí gbà, nítorí náà gbérí kì í ṣe ọ̀pọ̀ nígbà náà. Àwọn baba wa náwó sí aṣọ ọdẹ, a kò sì gbọdọ̀ purọ́ mọ́ wọn pé wọn kò náwó. Ṣùgbọ́n gbogbo ohun tí wọ́n náwó sí lára rẹ̀, igbó tiwọn ni ó bèèrè rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a ṣe òdodo sí òyìnbó pẹ̀lú, nítorí igbó tirẹ̀ náà bèèrè ohun tirẹ̀. Ní ọdún 1969, ní Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Bob Gore fa ohun kan tí wọ́n ń pè ní PTFE yọ lójijì, irú ohun tí wọ́n fi ń bo inú apẹ kí oúnjẹ má ba à lẹ̀ mọ́ ọn. Ó di awẹ́ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ní ihò tí ojú kò lè rí. Ihò náà kéré jù fún ẹ̀kán omi láti gbà wọlé, ṣùgbọ́n ooru òógùn lè gba ibẹ̀ jáde. Ní ọdún 1976, aṣọ tí wọ́n fi awẹ́ yìí sí nínú dé orí àtẹ, Gore-Tex ni wọ́n sọ ọ́. Ọdẹ tó ń gun òkè nínú yìnyín fún ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn ẹran kan, bí aṣọ rẹ̀ bá tutù mọ́ ọn lára, òtútù lè pa á. Fún irú ọdẹ bẹ́ẹ̀, n kò lè sọ pé 400 dọ́là pọ̀ jù. Ẹ̀mí ni ó fi ń rà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Ooru òógùn a máa kúrò níbi tí ó ti pọ̀ lọ síbi tí kò ti pọ̀. Níbi tí ìta bá tutù tó sì gbẹ, a jáde wéréwéré. Nínú igbó Èkìtì ní oṣù kẹfà tàbí ìkeje, ìta fúnra rẹ̀ ti kún fún ọ̀rinrin. Níbo ni òógùn yóò sá lọ? Ọ̀rẹ́ mi kan ní irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Mo yá a, mo gbé e lọ fún Bàbá Ọdẹ. Ó wọ̀ ọ́ lọ sóko lọ́jọ́ òjò kan, ó sì bọ́ ọ kí wákàtí kan tó pé. Ẹ̀wù inú rẹ̀ tutù bí ẹni pé wọ́n rì í sódò.

“Òjò òde kò wọlé,” ni ó wí, “ṣùgbọ́n òjò mìíràn ń rọ̀ nínú. Aṣọ yìí sì ń sọ̀rọ̀ bí mo ṣe ń rìn. Ẹtu yóò ti gbọ́ mi kí n tó rí i.”

Ó tún fi ohun kan hàn mí tí ìwé tí mo kà kò sọ. Ṣakabùlà ni ìbọn rẹ̀, a sì máa tu iná nígbà tí ó bá ń dún. Ihò kéékèèké tí iná ẹ̀tù ti lu wà lápá ọ̀tún gbérí rẹ̀ àtijọ́. Òwú a máa jó, a sì di eérú. Ọ̀pọ̀ ẹ̀wù òkè òkun yìí ni a fi okùn tó jẹ́ ẹbí ọ̀rá hun, ọ̀rá kì í sì í di eérú, yíyọ́ ni í yọ́, a sì lẹ̀ mọ́ awọ ara. Ẹ wá ronú kan ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn tí àwọn ọdẹ ń sun igbó kí ẹran lè jáde. Ta ni yóò fẹ́ wọ ọ̀rá dúró lẹ́bàá iná?

Ọ̀rọ̀ àwọ̀ ni ó yà mí lẹ́nu jù. Owó ńlá ni wọ́n ń san fún àwọ̀ tó jọ ewé, bẹ́ẹ̀ ni ojú ẹran kò rí bí tiwa. Àwọn onímọ̀ ti yẹ ojú àgbọ̀nrín Amẹ́ríkà wò: níbi tí ojú ènìyàn ti ní ọ̀nà mẹ́ta tó fi ń mọ àwọ̀, méjì ni tirẹ̀, kò sì lè ya àwọ̀ ọsàn sọ́tọ̀ lára ewé bí àwa ti ń ṣe. Nítorí èyí ni ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣe fi í lófin pé kí ọdẹ àgbọ̀nrín wọ aṣọ aláwọ̀ ọsàn. Ẹran kò ní dá a mọ̀, ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò sì mọ̀ pé ènìyàn ni. Kò sí ọmọ ilé ọdẹ tí kò tíì gbọ́ ìtàn ẹni tí wọ́n pè ní ẹran nínú igbó. Ẹ̀wù pélébé tó ń dán, irú èyí tí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ojú títì ń wọ̀, wà ní ọjà wa ní owó táṣẹ́rẹ́.

Mo sọ èyí fún Bàbá Ọdẹ tayọ̀tayọ̀. Ó mi orí, ó ní: “Ọmọ mi, ó dára fún ọ̀sán, nígbà tí àwa púpọ̀ bá jọ ń dẹ igbó. Ṣùgbọ́n ẹran kò ní ìbọn. Àwọn tí à ń ṣọ́ lóru ní.”

N kò rí èsì fún un. Ní oṣù kìíní ọdún 2020 ni àwọn ìpínlẹ̀ Yorùbá gbé Àmọ̀tẹ́kùn kalẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ sì wọ inú iṣẹ́ náà. Ní ọjọ́ 29 oṣù kìíní ọdún 2024, wọ́n pa ọba méjì lójú ọ̀nà nílẹ̀ Èkìtì yìí. Nígbà tí irú nǹkan báyìí bá ṣẹlẹ̀, ọdẹ ni ìlú ń kọ́kọ́ pè. Ẹni tí ìlú ń rán lọ sínú òkùnkùn báyìí, kò yẹ kí ìlú máa ná owó rẹ̀ lórí ohun tí kò ní gbà á.

Ìdájọ́ tí mo gbé lọ síwájú ẹbí nìyí. Kí a má ra ẹ̀wù náà. Kí a ra bàtà òjò tó ga dé abẹ́ orúnkún, èyí tó dára jù tí a bá rí, nítorí pé ẹsẹ̀ ni ejò sábà ń ṣán ènìyàn, paramọ́lẹ̀ kì í sì í kúrò lọ́nà fún àgbàlagbà. Kí a ra iná orí tuntun dípò àtùpà kábáìdì tí òjò àti afẹ́fẹ́ ń bá jà. Kí a ra ẹ̀wù òwú ti Ọjà Ọba, kí a sì ra ẹ̀wù dídán fún òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fún ọ̀sán. Gbogbo rẹ̀ kò dé ìdajì owó tí ẹbí fẹ́ dá.

Inú ọmọ Bàbá Ọdẹ kò dùn. Ó kọ̀wé sí mi pé, “Àbúrò, owó ni ìwọ ń ṣírò, iyì bàbá mi ni èmi ń rò.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí, nítorí pé kò parọ́. Aṣọ kì í ṣe ìbora lásán láàárín wa. Bí a ti rìn ni wọ́n ń kò wá. Àgbà ọdẹ tó bá wọ ẹ̀wù tí ọmọ fi ránṣẹ́ láti òkè òkun lọ sí ìpàdé ọdẹ, orí rẹ̀ yóò wú. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀wù ìpàdé ni wọ́n ní kí n wò, bóyá ìdájọ́ mi ì bá yàtọ̀. Ẹ̀wù igbó ni wọ́n ní kí n wò.

Bàbá Ọdẹ fúnra rẹ̀ ni ó parí ìjà náà. Ó ní kí wọ́n sọ fún ọmọ òun pé òun ti gba ẹ̀bùn náà lọ́kàn, kí ó fi owó rẹ̀ kún owó ọkọ̀ òfúrufú, kí òun fojú kàn án.

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, n kò sọ pé kí a kórìíra ohun òkè òkun. Bàtà òjò àti iná orí tí a rà kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ ará Adó. Ohun tí mo ń wí ni pé kí a máa bi ọjà olówó gọbọi léèrè, ì báà ṣe aṣọ, ì báà ṣe ẹ̀kọ́, ì báà ṣe ọ̀nà ìṣèlú: ìyọnu ta ni wọ́n ṣe ọ́ fún? Bí ìyọnu náà bá jẹ́ tiwa, kí a tọrọ owó rà á bí ó bá di dandan. Bí kò bá jẹ́ tiwa, kí a yìn ín, kí a sì jẹ́ kí ó máa wà lórí àtẹ.

Kí àwọn ọdẹ wa máa lọ ire, kí wọ́n máa bọ̀ ire o.