Ní Ẹsẹ̀ Òkè Kinder

Ọkọ̀ ojú irin gbé wa láti Manchester dé Edale, abúlé kékeré kan tí àwọn òkè Derbyshire rọ̀gbà yí ká, níbi tí ẹgbẹ́ tí a fẹ́ bá fẹsẹ̀ rìn ti ń dúró dè wá. Wọ́n ti kọ ọ́ sínú ìwé ìkéde wọn pé máìlì 8 ni ìrìn náà, àti pé ó gba agbára; ṣùgbọ́n máìlì 8 yẹn nìkan ni ojú ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ Alárè, ọmọ Awùjalẹ̀, tí ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, rí. “Kí ni máìlì 8? Oko bàbá mi jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ.”

Kinder Scout ni à ń lọ, òkè tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 2,087, tí àwọn òṣìṣẹ́ Manchester fi tipátipá gùn ní 1932 nígbà tí àwọn onílẹ̀ kò jẹ́ kí mẹ̀kúnnù tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí a dé ibi àtẹ̀gùn olókùúta tí wọ́n ń pè ní Jacob's Ladder, ẹ̀gbọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mí hẹlẹhẹlẹ.

Ìyá òyìnbó kan, arúgbó onírun funfun, ni ó ń rìn kẹ́yìn gbogbo wa, nítorí iṣẹ́ tirẹ̀ ni kí ẹnikẹ́ni má ṣe kù sẹ́yìn òun. Ìyá yìí kò bi ẹ̀gbọ́n bí ó bá rẹ̀ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ ni ó dúró, tí ó ń tọ́ka sí àgùntàn, tí ó ń ròyìn ògiri òkúta tí ó la pápá já, tí ó sì tú okùn bàtà rẹ̀ tí ó tún un so, títí èémí ẹ̀gbọ́n fi balẹ̀ láìjẹ́ pé ojú tì í. Ìwà ọmọlúàbí ni èyí, ibi yòówù tí a ti bí ẹni tí ó hù ú.

Mo ti rí aṣíwájú mìíràn tí í sáré lọ, tí í dúró de àwọn tí ó kù sẹ́yìn, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti yọ báyìí, á tún bẹ́ sọ́nà, tí ó fi jẹ́ pé alágbára nìkan ni í sinmi. Ìwà ìkà ni. Kí ènìyàn tó bá ẹgbẹ́ rìn, kí ó kọ́kọ́ béèrè bí wọ́n ti í dúró de ara wọn.

Ìwọ̀n eku ni ìwọ̀n ìtẹ́, máìlì nìkan kò sì tó wọn ìrìn orí òkè. Láti 1892 ni Naismith, ará Scotland, ti fi ìlànà lélẹ̀ pé kí a ka wákàtí kan fún máìlì 3, kí a sì fi wákàtí kan kún un fún ẹsẹ̀ bàtà 2,000 tí a bá gùn. Ẹni tí ara rẹ̀ le ni ó sì fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀nà oko bàbá ẹ̀gbọ́n tẹ́jú, ọmọdé sì ni ó fi ń rìn ín.

“Ẹ̀gbọ́n,” ni mo wí, “ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ẹ jẹ́ ká padà.” Ìyá náà sìn wá sọ̀ kalẹ̀, àwọn yòókù sì gun òkè lọ. Lójú ọ̀nà ni ó ti sọ fún wa nípa Monsal Trail, lẹ́bàá Bakewell, ọ̀nà ojú irin àtijọ́ tí ọkọ̀ kò gbà mọ́ láti 1968: máìlì 8 àbọ̀, tí ó sì tẹ́jú. Kí a tó wọ ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n ti bi í ní ọjọ́ tí ẹgbẹ́ yóò gba ibẹ̀.