Balùwẹ̀ Ìyá Àgbà

Ọ̀rọ̀ balùwẹ̀ ni a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò yẹ ojú ewé ìdílé, kí ó rántí pé ní Ọjọ́bọ̀ Mímọ́, àwokòtò omi àti aṣọ ìnura ni Olúwa wa mú lọ́wọ́.

Nínú agboolé wa ní Lagbé, ẹ̀yìnkùlé ni balùwẹ̀ wà. Bàbá wa àgbà ni ó kọ́ ọ: ògiri alámọ̀ tí ó ga dé èjìká, ògbólógbòó páànù ní ẹnu ọ̀nà, àti òkúta pẹlẹbẹ mẹ́ta tí a ń dúró lé. Ó ti ju ogójì ọdún lọ. Omi ìwẹ̀ ń gba abẹ́ ògiri ṣàn lọ sínú kòtò kan ní ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ibẹ̀ ni ẹ̀fọn sì ń yé sí. Àwọn òkúta náà ti hu èéhù, wọ́n ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Gbogbo wa ni a mọ̀. Ọdọọdún ni a sì ń sọ pé, ó di ọdún tí ń bọ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ní àkókò òjò, a gbọ́ igbe. Ìyá àgbà ti ṣubú. Egungun kò ṣẹ́, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, ṣùgbọ́n ìbàdí rẹ̀ wú, kò sì lè dá dìde fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Inú yàrá ni ìyàwó ilé ti ń wẹ̀ fún un. Ohun tí ó dùn wá jù kì í ṣe ìbàdí náà. Obìnrin tí ó wẹ̀ fún gbogbo wa ní kékeré, tí ó tún wẹ̀ fún àwọn ọmọ wa, ni ó ń yí ojú sí ògiri nígbà tí a bá ń tú aṣọ rẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí sọ pé òtútù ń mú òun, kí a jẹ́ kí ó di ọ̀la. Ó pẹ́ kí a tó mọ̀ pé ìtìjú ni, kì í ṣe òtútù.

Owó kan wà nílẹ̀. Ọmọ wa obìnrin fẹ́ gba Ara Krístì fún ìgbà àkọ́kọ́, a sì ti fi 90,000 sẹ́fà pamọ́ fún àsè. A jókòó lálẹ́ láti sọ ọ́. Ẹ má rò pé ó rọrùn. Àwọn ẹbí ti ń bèèrè aṣọ tí a ó jọ wọ̀, ọ̀kan nínú àwọn àbúrò wa sì ní àwọn ènìyàn yóò máa wí pé a kò rí adìẹ pa fún ọmọ, balùwẹ̀ ni a ń kọ́. Ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ó yanjú ọ̀rọ̀. Ó ní aṣọ funfun ẹ̀gbọ́n òun ṣì dára. (Ó gùn jù ú lọ, a ní láti ká a létí.)

Bíríkìlà àkọ́kọ́ tí a pè fẹ́ wó gbogbo rẹ̀, kí ó sì lẹ táìlì dídán sílẹ̀. A dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó bá tirẹ̀ lọ. Kí ni arúgbó fẹ́ fi táìlì dídán ṣe nínú omi? Èkejì gbọ́ ti wa. A fi ògiri sílẹ̀, a fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ nínú, a sì hú àwọn òkúta kúrò. Kọnkéré ilẹ̀ jẹ́ òṣùwọ̀n sìmẹ́ǹtì 1, yanrìn 2, òkúta wẹ́wẹ́ 4. A jẹ́ kí ó dagẹ̀rẹ̀ sí igun kan, sẹ̀ǹtímítà 2 ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí omi má baà dúró. Kí ó tó le, a fi ìgbálẹ̀ wọ́ ojú rẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè rí nǹkan dì mú. Lẹ́yìn náà a fi àpò tútù bò ó, a sì ń wọ́n omi sí i fún ọjọ́ 7. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, wọ́n rò pé oòrùn ni ó ń mú sìmẹ́ǹtì le. Omi ni. Bí ó bá tètè gbẹ, yóò là.

Páìpù kan ń gbé omi lọ sínú kòtò tuntun tí a fi àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta kún, tí a sì bò. Ó jìnnà sí kànga ju mítà 30 lọ. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wọn tiyín. Omi ìdọ̀tí a máa rìn lábẹ́ ilẹ̀. Ní ọdún 1854, ní ìlú London, dókítà John Snow fi hàn pé omi kànga kan ní òpópó Broad Street ni ó ń fi kọ́lẹ́rà pa àwọn ará àdúgbò, a sì rí kòtò ìdọ̀tí lẹ́bàá kànga náà lẹ́yìn náà.

Owó tí ó kù ni a fi ra páìpù irin tí a rì mọ́ ògiri ní ìwọ̀n ìbàdí, fún ìdìmú, àti igi fún ilẹ̀kùn tí ó ní ìkọ́ nínú. Àjókù búlọ́ọ̀kù méjì ni a fi ṣe ìjókòó.

Ní ọjọ́ tí ọmọ wa gba Ara Krístì, ìrẹsì àti ẹ̀wà ni a sè. Àwọn àlejò jẹ, wọ́n sì bèèrè ibi tí balùwẹ̀ wà.

Ìyá àgbà ti wọ ibẹ̀ ní àfẹ̀mọ́jú ọjọ́ náà pẹ̀lú kànìnkànìn àti ọṣẹ dúdú rẹ̀, ó sì fi ìkọ́ há ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ títí. Àyà wa já, a lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà, a pè é.

"Kí lẹ ń wá?" ni ó wí láti inú. "Ẹ jẹ́ n wẹ̀."